Ìwé Ó-Kù-Díẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí ti inú ìwé ìnáwó ẹgbẹ́ wa wá. Èmi ni akọ̀wé, nítorí náà èmi ni mò ń kọ orúkọ ẹni tí a bá fún ní owó ìrànlọ́wọ́. Bí ẹ bá yọ owó ìsìnkú àwọn àgbà àti owó ìkómọ kúrò, ohun tí ó kù nínú ìwé náà ni ìka ọwọ́, ojú, ẹsẹ̀ àti iná. Ìka ọmọ iṣẹ́ káfíńtà. Ojú ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà. Ẹsẹ̀ mẹkáníìkì tí ọkọ̀ já lù láti orí jáàkì. Ìyá kan tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta wé ìró mọ́ lára. A ó san owó, a ó lọ kí i, a ó gbàdúrà, a ó sì sọ pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́. Kì í pẹ́ tí a fi ń tún rí irú rẹ̀.

Àdúrà náà dára, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n a ti fi àdúrà nìkan sílẹ̀ kí ó máa dá ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa fi ṣe ìpinnu ni pé kí ẹnikẹ́ni má fara pa mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ní gáréèjì tàbí ní ìdí ẹ̀rọ ọmọ ẹgbẹ́ yìí. N kò wí pé kí ó dín kù. Mo wí pé kí ó má sí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ, nítorí wọ́n ti wá sọ ọ́ fún mi ní ìdí ọjà mi. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ibi tí ènìyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ irin, irin yóò gé e. Ẹni tí kò ní àpá, iṣẹ́ rẹ̀ kò tí ì dá mi lójú." Ọ̀gá kan tilẹ̀ ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó fi ojú àpá hàn mí, ó sì ń yangàn. Mo bi í pé ọmọ iṣẹ́ mélòó ni ó wà ní ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní mẹ́rin: méjì láti Ọ̀ffà, ọ̀kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan láti Ìlọrin. Mo ní kí ó fi ìka tọ́ka sí èyí tí ó fẹ́ dá padà sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ láìpé ìka. Ó wo àwọn ọmọ náà títí, kò lè tọ́ka sí ẹyọ kan. Bí kò bá sí èyí tí a lè yọ̀ǹda nínú àwọn mẹ́rin, a jẹ́ pé òdo ni iye tí àwa méjèèjì ń wá. Ìṣirò mìíràn kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kádàrá ni ó sòro jù. Mùsùlùmí àti Kristẹni ni wá nínú ẹgbẹ́ yìí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń bá Ẹlẹ́dàá jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn alfa wa léèrè ìtàn ràkúnmí: ẹni tí ó ní òun gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run ni a sọ fún pé kí ó kọ́kọ́ so ẹran rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣí ìwé òfin Mósè, ẹ ó rí i níbẹ̀ pé ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ odi kékeré yí etí òrùlé rẹ̀ ká, àti pé bí ènìyàn bá ti ibẹ̀ já bọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní ọrùn onílé. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò pe ìyẹn ní kádàrá. Àwa ni a máa ń tètè pe nǹkan ní àmúwá Ọlọ́run, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ni ó bá.

Àwọn kan ti gbìyànjú ohun tí mo ń sọ yìí. Ní ọdún 1987 ọkùnrin kan tí a ń pè ní Paul O'Neill di olórí ilé iṣẹ́ Alcoa ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń yọ́ alumíníọ̀mù. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dúró níwájú àwọn tí wọ́n ni owó nínú ilé iṣẹ́ náà, èrè ni wọ́n retí kí ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó sọ fún wọn pé ohun tí òun ń wá ni kí òṣìṣẹ́ kankan má fara pa. Àwọn kan nínú wọn rò pé orí rẹ̀ kò pé. Kò ju bí oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn náà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ní ilé iṣẹ́ wọn kan ní Arizona, fo ògiri ààbò kọjá láti tú ẹ̀rọ tí ó há. Apá ẹ̀rọ náà fì, ó sì pa á. Ẹ mọ bí àwa yóò ti sọ ọ́: "Òun ni ó kọ etí dídi sí òfin." O'Neill kó àwọn ọ̀gá jọ ní ọjọ́ kan náà, ó sì sọ fún wọn pé àwọn ni wọ́n pa ọmọ náà, tòun tìkára rẹ̀, nítorí àwọn ọ̀gá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò ó, wọn kò dá a dúró, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí yóò fi kúrò níbẹ̀ ní ọdún 2000, ọjọ́ iṣẹ́ tí ìfarapa ń bà jẹ́ fún wọn ti wálẹ̀ láti 1.86 sí 0.2 lórí òṣìṣẹ́ 100. Èrè wọn lọ́dún sì ti di ìlọ́po márùn-ún ti àtẹ̀yìnwá. Wọn kò kan òdo gan-an. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé "kí ó dín kù díẹ̀" ni wọ́n pinnu, wọn kì bá tí dé ibi tí wọ́n dé.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa bá rélùwéè wá sí ìlú yìí. Ní ọdún 1911 ni ojú irin láti Baro gba Zaria kọjá dé Kano, iṣẹ́ ibẹ̀ ni ó sì kọ́ àwọn àgbà kan tí a bá láyé ní ìwà tí a ti gbàgbé. Ní ojú irin tí ó jẹ́ ẹyọ kan, tí ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ jọ ń lò, awakọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní stéṣàn nítorí pé ó rò pé ọ̀nà mọ́. Ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ tí ó fi hàn pé ọkọ̀ mìíràn kò sí lójú ọ̀nà. Ètò náà kò sọ pé awakọ̀ kì í ṣe àṣìṣe. Ó mọ̀ pé yóò ṣe é, ó sì mú kí àṣìṣe ẹnì kan ṣoṣo má lè pa èrò ọkọ̀ méjì. Ní Japan títí di òní, awakọ̀ ojú irin a máa na ìka sí àmì tí ó wà níwájú rẹ̀, a sì pe ohun tí ó rí jáde lẹ́nu ketekete kí ó tó wa ọkọ̀ kọjá. Ní ọdún 1973 àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpolongo fún gbogbo ilé iṣẹ́ pé kí jàǹbá má sí rárá. Ẹni tí kò mọ̀dí lè rí awakọ̀ tí ń nàka tí ó sì ń dá sọ̀rọ̀, kí ó rẹ́rìn-ín. Kí ó máa rín in.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Ẹ gbọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wa. Táyà tí a ń fẹ́ bú gbàmù, kò ba ẹnikẹ́ni: "Ó kù díẹ̀!" Ọkọ̀ yọ̀ lórí jáàkì bí ọmọ ti ń jáde lábẹ́ rẹ̀: "Ó kù díẹ̀!" Ẹnì kan ń da epo bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀ tí ó ṣì gbóná, iná gbà lù ú, wọ́n fi yanrìn pa á: "Ó kù díẹ̀, Ọlọ́run ṣeun!" A ó rẹ́rìn-ín, a ó ra omi tútù mu, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni Ó-kù-díẹ̀ jẹ́ lẹ́tà tí a kọ sí wa láti ọ̀dọ̀ jàǹbá pé òun ń bọ̀. A gba lẹ́tà, a kò kà á.

Ọmọ iṣẹ́ ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ rí lẹ́tà náà, nítorí òun ni ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìdí ẹ̀rọ láti àárọ̀. Bí ó bá wá wí pé, "Ọ̀gá, bẹ́líìtì yìí ti ń ya," kí ni a máa ń fún un? Àwa yóò ní ó ń sá fún iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́wọ́ pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ìka òun, yóò jẹ ìfọ́tí. Ọmọ tí ó jẹ ìfọ́tí lẹ́ẹ̀kan nítorí òtítọ́, ẹ má retí pé yóò tún sọ òtítọ́ fún yín. Ọjọ́ tí ìka náà bá gé ni ẹ ó tó gbọ́. Àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, àgbà nìkan ni a gbà láyè láti gbọ́n.

Gbogbo wa ni a rántí ọjọ́ Jímọ̀ tí ó jẹ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí apá kan Mọ́sálásí Ńlá tí ó wà nínú Birnin wó lu àwọn tí ń kírun ìrọ̀lẹ́. Ilé amọ̀ àtayébáyé ni, ó ti lé ní 150 ọdún. Ènìyàn tí ó kú kò dín ní 7, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. N kò mẹ́nu kàn án láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ní ọjọ́ kan ṣáájú ni wọ́n rí i pé ògiri ti sán, wọ́n sì ti ń ṣètò àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí yóò wá wò ó, kí ó tó wó. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ògiri tí ó sán kì í dúró de ètò. Bí a bá rí ojú sísán, kí a kọ́kọ́ kó ènìyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí a wá ẹni tí yóò tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà tàbí tí ẹ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù alámọ̀, ẹ mọ ohun tí òjò oṣù kẹjọ máa ń ṣe sí ìdí ògiri. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn àpótí ọjà yín lónìí.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, ibí yìí ni n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, iná sọ lóru ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi rọ́bà ṣe ọjà ní Odógunyàn, ní Ìkòròdú. Àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú ilé. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn pa kí ẹnikẹ́ni má ba à jí ọjà gbé jáde. Ó lé ní 40 ènìyàn tí ó kú síbẹ̀. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti ọdún 1987 ti wà nílẹ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ó sì sọ pé níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé, a kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tí ó wà nínú kò fi ní lè ṣí i kíákíá. Olè kò jí rọ́bà náà. Iná jó rọ́bà àti ènìyàn pọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ta ni ó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù yín lálẹ́ òní? Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Mo ń ta àgádágodo, mo mọ iye àwọn tí wọ́n ń rà á láti fi ti ọmọ iṣẹ́ mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù láti ìta, tí wọ́n á sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni kẹ́ẹ̀gì epo wà, jẹnẹrétọ̀ wà, àbẹ́là tàbí fìtílà wà. Bí kò bá sí iná, èéfín jẹnẹrétọ̀ nìkan tó láti mú kí ọmọ sùn kí ó má jí. Èéfín tí ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀ tí ojú lè rí. Olóko kì í so ẹran mọ́ ibi tí ó ti fẹ́ sun igbó. Èmi kò rí ìdí tí ọjà yòówù kí ó jẹ́ fi yẹ kí ó ṣọ̀wọ́n ju ọmọ ẹni ẹlẹ́ni lọ.

Owó ni ẹjọ́ tí àwọn ọ̀gá máa ń rò lẹ́yìn èyí. Wọ́n ní nǹkan ti gbówó lórí. Òtítọ́ ni, èmi náà ń ra ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iye tí ó jẹ́. Igi líle méjì tí ó nípọn tí a ó fi há abẹ́ ọkọ̀ kí a má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, ẹ̀kù igi káfíńtà ni. Àpótí tàbí àwọ̀n irin tí yóò bo bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta kí ó má fa ìró tàbí gèlè mọ́, wẹ́dà tí ó wà ní ìdojúkọ yín lè ṣe é láàárín òwúrọ̀ kan. Yanrìn inú garawa, ilẹ̀ ni a ó ti bù ú. Ní ti dígí dúdú, mo ń ta ọ̀pá wẹ́dà pẹ̀lú, ọ̀gá kì í sì í ra ọ̀pá tí kò dára. Bí mo bá na dígí sí i pé kí ó mú un fún ọmọ iṣẹ́, a ní, "Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ná." Ẹ jọ̀wọ́, ojú wo ni yóò fi mọ̀ ọ́n? Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé akọ̀wé ń wá bí ọjà òun yóò ti tà: iye tí mo bá rà á ni n ó tà á fún ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún bátìrì ṣe, ìkìlọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ewu tiyín kì í dún gbàmù. Ní ọdún 2010, ní àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ìlọta ọkà ni wọ́n sì ń lò. Òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ wọ inú ilé, ó bà sórí ẹní, ó bá oúnjẹ pọ̀. Ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú kí a tó bọ́ nínú rẹ̀. Òjé kan náà ni ó wà nínú bátìrì tí ẹ ń tú. Ẹ bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ sí ibi iṣẹ́, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gbé ọmọ yín mọ́ra.

Ó tún ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Òfin Ẹ̀san fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kò ya ọmọ iṣẹ́ sọ́tọ̀. Ó ka ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ì báà jẹ́ pé ẹnu lásán ni a fi ṣe àdéhùn. Agbanisíṣẹ́ ni ó yẹ kí ó máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tí ó ń san fún àwọn ènìyàn rẹ̀ sí àjọ NSITF, kí àjọ náà lè san ẹ̀san fún ẹni tí ó bá fara pa. Ẹni tí ó fara pa ní láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Ọdún kan ni a fi sílẹ̀ fún ẹni tí yóò béèrè ẹ̀san. Nínú gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìnáwó ẹgbẹ́ wa, n kò rántí ẹyọ kan tí ó tọ ọ̀nà yìí. Àpò ẹgbẹ́ ni a ń nà, àpò ẹgbẹ́ kò sì jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ má gbàgbé pé ẹ̀san kì í hu ìka. Nítorí ìyẹn ni mo fi fi ọ̀rọ̀ òfin sí ẹ̀yìn.

Ní ìpàdé gbogbogbò tí ń bọ̀, mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta kalẹ̀ kí a dìbò lé wọn lórí. Èkíní ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ti ọmọ iṣẹ́ mọ́lé láti ìta mọ́, láti alẹ́ ọjọ́ ìpàdé náà lọ. Lórí èyí, n kò fẹ́ gbọ́ "a ó ronú sí i". Èkejì ni pé nígbà tí òbí bá mú ọmọ wá kọ́ṣẹ́, tí a sì ń kọ ìwé àdéhùn, kí a kọ ohun ààbò tí ọ̀gá yóò pèsè sí i, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ iye ọdún àti owó ìgbòmìnira, kí ọ̀gá sì fọwọ́ sí i níwájú òbí. Ẹ̀kẹta ni ìwé kan tí n ó máa gbé sí ìdí ọjà mi. Ìwé Ó-Kù-Díẹ̀ ni n ó kọ sí èèpo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni, àti ọmọ iṣẹ́ tí ó kéré jù, lè wá sọ ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀, n ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìkọ orúkọ rẹ̀ àti ti ọ̀gá rẹ̀. Ní ìpàdé oṣooṣù n ó kà á sókè, kí ẹni tí ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè lọ wo tirẹ̀. Ọ̀gá tí ó bá na ọmọ nítorí pé ó wá bá mi sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ ni yóò dá a lóhùn, kì í ṣe èmi.

Àwọn àgbà kan ti ń sọ pé ìwé náà yóò kún fún ìsọkúsọ àwọn ọmọdé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé mẹ́wàá bá wá sọ ìsọkúsọ, tí ọ̀kan sọ bẹ́líìtì tí ń ya, n ó ra ìwé mìíràn nígbà tí èyí bá kún.

Àwọn ìyá wa tí ń lọ ata ti ránṣẹ́ sí mi pé àwọn yóò wá, àti pé àwọn ní ohun tí àwọn fẹ́ sọ nípa àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe láìpa á. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì náà wá láti gbọ́ ọ. Kí olúkúlùkù ọ̀gá mú ó kéré tán ọmọ iṣẹ́ kan dání, kí ó sì jẹ́ kí ó jókòó sí ibi tí yóò ti lè sọ̀rọ̀.